Ṣé Yóò Dúró, Báwo Ni Yóò Sì Ṣe Yẹ̀ Tó? Bí A Ṣe Ń Yẹ Stáǹdì Táǹkì Omi Wò

Bàbá onílé kan ní Ọ̀bàńtokò, ní Abẹ́òkúta, ló pè mí. Páìpù tó ń ti ìdí táǹkì bọ̀ wálẹ̀ ti já lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan, pọ́ḿbà sì ti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá ní, "Ẹnjiníà, ẹ bá mi wò ó, àbí ayédèrú ni wọ́n ń tà fún mi ni?" Mo gun àkàbà, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé òpó stáǹdì náà lókè, mo sì tì í díẹ̀. Omi inú táǹkì dún gbọ̀ù. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ti òpó kan náà nísàlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Kò mì. Páìpù kò jẹ̀bi ohunkóhun. Orí stáǹdì ló ń lọ tó ń bọ̀, páìpù kò sì lè bá a lọ.

Ìbéèrè méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ bàbá yìí. Àkọ́kọ́: ṣé ohun tí a kọ́ lè dúró? Ìkejì: bí agbára bá dé bá a, báwo ni yóò ṣe yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀ tó? Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí máa ń sáré bá ìkejì, torí pé kọ̀ǹpútà ń bá wọn ṣírò rẹ̀ kíákíá. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò lè dúró kò ní ìyẹ̀ kankan tí a lè ṣírò. Iye yòówù tí ẹ bá rí, irọ́ ni.

Stáǹdì bàbá yìí ni màá lò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ga ní mítà 3, ìpele méjì ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan mítà 1.5. Mítà 2 ló wà láàárín òpó sí òpó. Áńgù áyáàn (irin tó rí bí lẹ́tà L) 50 × 50 × 5 ní mílímítà ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀, táǹkì lítà 2,000 ló sì wà lórí rẹ̀. Ojú kan ṣoṣo la ó máa wò bí ẹni ń wo àwòrán, nítorí ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọra.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ya ohun tó wà níbẹ̀ gan-an

Ẹ mú bébà, ẹ ya òpó, ẹ ya ọ̀pá ìbú, ẹ ya brésìn, ìyẹn ọ̀pá tó dábùú láti igun dé igun. Ibi tí ọ̀pá bá ti pàdé ọ̀pá, ẹ fi àmì róbótó síbẹ̀: oríkèé nìyẹn. Lẹ́yìn èyí, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tan ara wọn jù.

Ìdè ni mo ń pe ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí a kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ gbà rìn. Ẹsẹ̀ tí wọ́n kàn gbé lé kọnkéré lásán, ìdè kan ló ní. Kò lè wọlẹ̀, àmọ́ ó lè yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì lè gbéra. Ẹsẹ̀ tí bóòtù dè mọ́ kọnkéré ní ìdè méjì: kò lè lọ sókè-sódò, kò lè lọ sí ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣì lè tẹ̀ níbi ìdí rẹ̀. Èyí tí wọ́n rì sínú kọnkéré tó jìn, tó fi jẹ́ pé kò lè tẹ̀ rárá, ní ìdè mẹ́ta. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì láàárín méjì sí mẹ́ta, ẹ ka méjì.

Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Lórí bébà wa náà, ìdè mẹ́ta ló kéré jù tí ohunkóhun fi lè dúró. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdè mẹ́ta kan ṣáá. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kọjú sí ọ̀nà kan náà, bí i kí gbogbo ẹsẹ̀ kàn jókòó lórí kọnkéré dídán, atẹ́gùn lè gbá stáǹdì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sì dojú kọ ibì kan ṣoṣo, stáǹdì lè yí po níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kà á

Ìṣirò náà kúrú. Ẹ ka ọ̀pá, ẹ fi iye ìdè kún un. Ẹ ka oríkèé, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ wá fi wọ́n wé ara wọn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìlọ́po méjì? Oríkèé kọ̀ọ̀kan ní ohun méjì tó gbọ́dọ̀ dọ́gba kó tó lè dúró jẹ́ẹ́: agbára tó ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ pa ara wọn, èyí tó ń tì í sókè-sódò náà gbọ́dọ̀ pa ara wọn. Ọ̀pá kọ̀ọ̀kan àti ìdè kọ̀ọ̀kan ló ń mú ìdáhùn kọ̀ọ̀kan wá. Bí ìdáhùn bá kéré sí ìbéèrè, nǹkan kan ń rìn níbì kan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìpele kan láìní brésìn: òpó méjì, ọ̀pá ìbú kan lókè, ẹsẹ̀ méjì tí bóòtù dè. Ọ̀pá 3, ìdè 4, àpapọ̀ 7. Oríkèé 4, ìlọ́po méjì rẹ̀ 8. Ó dín kan. Ẹ fi brésìn kan dábùú láti ẹsẹ̀ òsì dé orí ọ̀tún, ọ̀pá di 4, àpapọ̀ di 8. Ó pé.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí i, ẹ gé páálí sí tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin, ẹ fi pínnì gún wọn pọ̀ níkorígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ fi ìka kan tì í lókè: yóò wó lọ bí ìgbà tí èèyàn ká ẹní. Kò sí páálí tó já, kò sí èyí tó tẹ̀. Ìrísí rẹ̀ nìkan ló yí padà. Ẹ wá gún ìkarùn-ún mọ́ ọn láti igun dé igun, kí ẹ tún tì í. Ó dè gan-in. Inú mi máa ń dùn nígbà tí ọmọ iṣẹ́ bá ṣe èyí fúnra rẹ̀ tó sì dákẹ́. Láti ọjọ́ náà ni yóò ti máa rí onígun mẹ́ta níbi gbogbo: lára òpó nẹ́tíwọ̀kì, lábẹ́ òrùlé ilé rẹ̀, lára férémù kẹ̀kẹ́.

Bí iye bá pé régí, a lè fi ìdọ́gba nìkan rí agbára inú ọ̀pá gbogbo. Bí ó bá lé, ọ̀pá ti pọ̀ ju èyí tó tó láti fi dúró. Èyí dára, ọ̀pá kan lè bàjẹ́ kí stáǹdì má wó. Ṣùgbọ́n ó ní ìyà tirẹ̀, ìlú wa sì ni ìyà náà ti wọ́pọ̀. Abẹ́ Òkúta la wà. Nínú ọgbà kan náà, ẹsẹ̀ kan lè wà lórí àpáta, kí èkejì wà lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kún. Àpáta kò ní rì, ilẹ̀ àkúnkún yóò rì. Stáǹdì tí iye rẹ̀ pé régí máa ń gẹ̀ tẹ̀lé ilẹ̀, agbára tuntun kankan kò ní wọ inú ọ̀pá rẹ̀. Èyí tí iye rẹ̀ lé kò lè gẹ̀ láìfà àti láìti ara rẹ̀, wẹ́dì á sì máa sán láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Tí ilẹ̀ yín bá rí báyìí, ẹ wá ọ̀nà tí gbogbo ẹsẹ̀ fi máa jókòó lórí ohun kan náà: gbogbo wọn sórí àpáta, tàbí gbogbo wọn sórí kọnkéré kan ṣoṣo.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ má gba ìkà gbọ́ títí ẹ ó fi wò ó

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ bàbá Ọ̀bàńtokò wà. Mo ka ojú kan stáǹdì rẹ̀. Oríkèé 6: méjì nílẹ̀, méjì láàárín, méjì lókè. Òpó 4, ọ̀pá ìbú 2, brésìn 2, ó jẹ́ ọ̀pá 8. Ìdè 4. Àpapọ̀ 12, ìlọ́po méjì oríkèé náà 12. Bí ẹ bá dúró síbẹ̀, ẹ ó ní kò sí wàhálà.

Àmọ́ ìpele ìsàlẹ̀ ni brésìn méjèèjì wà, wọ́n dábùú ara wọn bí X. Ìpele òkè kò ní ẹyọ kan. Ìsàlẹ̀ ní ju ohun tó nílò lọ, òkè kò ní ohun tó tó. Ẹ pa wọ́n pọ̀, iye náà pé. Ẹni tó ṣe é rò pé ìsàlẹ̀ ló ń ru ẹrù jù, kò sì burú láti ro bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n agbára atẹ́gùn tó ń ti táǹkì gbọ́dọ̀ gba ìpele òkè kọjá kó tó dé ìsàlẹ̀.

Nítorí náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kà á, ẹ mú ìka yín, ẹ gbé e lé orí àwòrán níbi tí agbára ti ń wọlé, kí ẹ máa fà á bọ̀ wálẹ̀ láti onígun mẹ́ta dé onígun mẹ́ta títí dé ilẹ̀. Ibi tí ìka yín bá ti bá onígun mẹ́rin tó ṣófo pàdé, ibẹ̀ ló ń rìn.

Ẹ lè bi mí pé, kí ló wá dá stáǹdì náà dúró láti ọjọ́ yìí? Wẹ́dì ni. Wẹ́dì kì í ṣe pínnì, ó máa ń kọ̀ láti tẹ̀. Òpó tó yẹ kó kàn ru ẹrù ló wá di òpó tó ń tẹ̀ bí ọrun nígbà gbogbo tí atẹ́gùn bá fẹ́. A ó rí iye tó ń ná wa láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ṣé kò ní ṣubú lódindi?

Stáǹdì lè le bí òkúta kó sì ṣubú síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń sáré mítà 40 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan máa ń tẹ nǹkan bí 980 N (níútọ̀nù, ìwọ̀n agbára) mọ́ ojú tó gùn ní mítà kan tó sì fẹ̀ ní mítà kan (0.613 × 40 × 40). Ẹ̀gbẹ́ táǹkì yìí tó irú ojú bẹ́ẹ̀ méjì, torí náà ẹ jẹ́ ká pe agbára náà ní 2 kN (kN kan jẹ́ 1,000 N). Táǹkì róbótó máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ yọ̀ kọjá díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní yọ ọ́ kúrò.

Àárín táǹkì ga tó mítà 3.7 sílẹ̀. Agbára tó fẹ́ bì í ṣubú jẹ́ 2 × 3.7 = 7.4 kNm, ìyẹn kN lọ́nà mítà. Èyí tó dì í mú ni ìwúwo lọ́nà mítà 1, ìyẹn ìdajì àárín òpó sí òpó. Tí táǹkì bá kún, omi nìkan wọn 20 kN, irin stáǹdì nǹkan bí 1.8 kN, ike táǹkì ká pè é ní 0.5 kN: àpapọ̀ 22.3 kNm. Kò ní ṣubú. Ẹ wá tú omi rẹ̀ jáde. Ohun tó kù jẹ́ 2.3 kNm péré, bẹ́ẹ̀ 7.4 ló ń bọ̀. Táǹkì òfìfo ló ń ṣubú. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé òdìkejì rẹ̀ ni.

Ohun tó ṣẹ́kù láti dì mú jẹ́ 5.1 kNm. Ẹ pín in fún mítà 2 tó wà láàárín òpó, ó jẹ́ 2.55 kN, òpó méjì ló pín in, nǹkan bí 1.3 kN fún ẹsẹ̀ kan. Kọnkéré tó fẹ̀ ní 0.4 × 0.4 tó sì jìn ní mítà 0.6 wọn nǹkan bí 2.3 kN, nítorí náà ó tó, ó sì ṣẹ́kù. Bóòtù gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ dáadáa. Níbi tí àpáta kò bá jẹ́ kí ẹ gbẹ́lẹ̀, ẹ lu ihò sínú àpáta fúnra rẹ̀ kí ẹ fi kẹ́míkà tàbí bóòtù tó ń fẹ̀ dè é. Ẹ má ṣe da kọnkéré fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé orí àpáta dídán kí ẹ sì pè é ní ìpìlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń tì máa ń gbun

Ẹ mú ẹyọ igi ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ tì í lórí. Kò ní fọ́, yóò gbun ni. Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò, ṣírò ìgbà tí èyí máa ń ṣẹlẹ̀ ní 1744, a sì ń lo ìṣirò rẹ̀ títí dòní:

Agbára ìgbun = π² × E × I ÷ L²

E ni líle irin, 200,000 N/mm². L ni gígùn ọ̀pá. I ni bí ìrísí ọ̀pá ṣe kọ títẹ̀ sí. Fún áńgù 50 × 50 × 5, ní ọ̀nà tó rọ̀ jù, ó jẹ́ 45,500 mm⁴. Ọ̀nà tó rọ̀ jù ni kí ẹ máa lò, torí ọ̀nà yẹn náà ni irin máa yàn. Fún òpó tí wọ́n dè láàárín, L jẹ́ 1,500 mm, agbára ìgbun rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 40 kN. Bí wọn kò bá dè é láàárín, L di 3,000 mm, agbára náà di 10 kN. Gígùn di ìlọ́po méjì, agbára di ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹrù omi lórí òpó kan jẹ́ 5 kN. 10 lórí 5 dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n òpó tó wọ́ díẹ̀ tàbí tí ẹrù rẹ̀ kò bọ́ sáàárín kò lè dé 10 yẹn láéláé.

Brésìn náà ń kọ́? Ọ̀pá irin mílì 10 tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 2.5 máa ń gbun lábẹ́ nǹkan bí 155 N, ìyẹn ìwúwo kílò mẹ́rìndínlógún. Tí ẹ bá fẹ́ lo irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀, ẹ fi méjì dábùú ara wọn, kí ọ̀kan máa fà nígbà tí èkejì bá gbun. Áńgù 50 kan ṣoṣo lè gba ìtì àti ìfà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ó kù kí a wá ìyẹ̀

Nísinsìnyí tí a mọ ohun tó lè dúró, ẹ jẹ́ ká ka bó ṣe máa yẹ̀. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni ti agbára ẹyọ kan, èyí tí onímọ̀ físíìsì James Clerk Maxwell kọ́kọ́ gbé jáde ní 1864, tí Otto Mohr ọmọ Jámánì sì tún là yékéyéké ní 1874. Ìwé àti bírò tó fún un.

Ẹ jẹ́ ká mú ìpele kan tó ní brésìn. A ni ẹsẹ̀ òsì, B ẹsẹ̀ ọ̀tún, C orí òsì, D orí ọ̀tún. Brésìn ti A lọ sí D. Atẹ́gùn ti C lọ sí ọ̀tún pẹ̀lú 2 kN. Mo gbé gbogbo rẹ̀ lé férémù kan, ìyẹn ojú kan stáǹdì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjì ló yẹ kó pín in, torí afẹ́fẹ́ kì í pín ara rẹ̀ dọ́gba.

Ẹ kọ́kọ́ wá agbára gidi inú ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, ká pè é ní N (kì í ṣe níútọ̀nù níbí). Ìfà ni àmì ròpọ̀, ìtì ni àmì yọkúrò. Ní oríkèé C, òpó AC kò lè ṣe nǹkan kan sí agbára tó ń lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí náà CD ló gba gbogbo rẹ̀: −2. AC jẹ́ 0. Ní oríkèé D, brésìn ló gbọ́dọ̀ fa 2 kN yẹn padà. Brésìn gùn ní 2.5 fún ìbú 2, torí náà agbára rẹ̀ jẹ́ 2 × 2.5 ÷ 2 = +2.5. Bó ṣe ń fà, ó ń fa D sílẹ̀ pẹ̀lú 1.5, òpó BD ló ń gbé e dúró: −1.5.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé agbára gidi kúrò pátápátá. Ẹ gbé 1 lásán sí oríkèé tí ẹ fẹ́ mọ ìyẹ̀ rẹ̀, kó kọjú sí ọ̀nà tí ẹ fẹ́ mọ̀, kí ẹ tún ṣírò náà. Èyí ni n. Fún C sí ọ̀tún: CD −1, AC 0, AD +1.25, BD −0.75.

Fún ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, N × n × gígùn:

CD: 2 × 1 × 2 = 4
AD: 2.5 × 1.25 × 2.5 = 7.81
BD: 1.5 × 0.75 × 1.5 = 1.69
AC: 0

Àpapọ̀ 13.5. Ẹ fi EA, ìyẹn líle irin lọ́nà ojú rẹ̀ tí a bá gé e, pín in. Ojú áńgù yìí tí a bá gé e jẹ́ 480 mm², EA jẹ́ 200,000 × 480, ìyẹn 96,000 kN. 13.5 ÷ 96,000 jẹ́ mítà 0.00014, ìyẹn mílímítà 0.14. Bí ìpele méjèèjì bá ní brésìn, tí atẹ́gùn sì wà lókè téńté, ìṣirò kan náà yóò fún yín ní mílímítà 0.35.

Ẹ wo àkọsílẹ̀ yẹn dáadáa: brésìn nìkan ló ní ju ìdajì ìyẹ̀ náà. Bí ẹ bá fẹ́ kó le sí i, brésìn ni kí ẹ mú nípọn, ẹ má náwó lé òpó.

Ó kan stáǹdì bàbá, níbi tí òkè kò ní brésìn. Òpó méjì ló ń tẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 1 kN. Bí wẹ́dì bá di òpin kan òpó mú, ìyẹ̀ jẹ́ PL³ ÷ 3EI (P ni agbára tó ń tì í); bí ó bá di òpin méjèèjì mú gírígírí, ó jẹ́ PL³ ÷ 12EI. I lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ 110,000 mm⁴, torí ìbú áńgù ni òpó ń bá tẹ̀. Iye tó jáde jẹ́ mílímítà 51 fún ti àkọ́kọ́, 13 fún ti èkejì. Òtítọ́ wà láàárín wọn. 0.14 ni a bá ti ní pẹ̀lú áńgù kan ṣoṣo tí wọ́n fi dábùú!

Ó tún ku ohun kan tó bà mí lẹ́rù. Ní 51 yẹn, irin náà ti ń ru 490 N/mm², bẹ́ẹ̀ irin tí wọ́n ń tà fún wa máa ń tẹ̀ láìpadà ní nǹkan bí 250. Kí ó tó yẹ̀ dé 51, ó ti tẹ̀ wọ́.

Òfin tí mo ń tẹ̀ lé, tí ọ̀pọ̀ ìlànà ìkọ́lé náà ń lò, ni kí ìyẹ̀ ẹ̀gbẹ́ má ju gíga ÷ 300 lọ. Fún ìpele mítà 1.5, mílímítà 5 nìyẹn. Fún mítà 3, 10.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ padà lọ síbẹ̀

Ìṣirò kò mọ ihò bóòtù. Ihò máa ń fẹ̀ ju bóòtù lọ ní mílímítà 1 sí 2, gbogbo rẹ̀ ló sì lè yọ̀ kí irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Níbi tí ìṣirò sọ 0.35, ojú lè rí 4. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní kí wọ́n wẹ́dì brésìn, tàbí kí wọ́n fún bóòtù rẹ̀ mọ́ra dáadáa.

Ẹ so plọ́ḿbù (okùn tí irin wúwo wà ní ìdí rẹ̀) mọ́ igun òkè kan nígbà tí táǹkì ṣófo tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí ṣóńṣó plọ́ḿbù fojú kàn lórí kọnkéré. Ẹ bu omi kún táǹkì, ẹ dúró di ọjọ́ kejì, ẹ sàmì kejì. Bí àmì méjèèjì bá jìnnà síra, ẹ wo ẹsẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú lẹ́fẹ́ẹ̀lì, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan ti máa rì. Ẹ wá ní kí ẹnì kan gun òkè kó ti stáǹdì jẹ́jẹ́ nígbà tí ẹ bá ń wo plọ́ḿbù.

Ní Ọ̀bàńtokò, wẹ́dà kan wá láti Láfẹ́ńwá. A tú omi jáde, a kọ́kọ́ fi okùn de stáǹdì mọ́ ògiri nítorí ohun tí mo sọ nípa táǹkì òfìfo, a sì fi áńgù kan dábùú ojú kọ̀ọ̀kan lókè, mẹ́rin lápapọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan la fi parí rẹ̀. Mo ní kí pọ́ḿbà fi ọ̀já rọ́bà tó lè rọ̀ sí ibi tí páìpù ti kúrò lábẹ́ táǹkì, torí omi fúnra rẹ̀ máa ń mì. Nígbà tí bàbá gòkè láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í, plọ́ḿbù dúró sójú àmì. Páìpù náà ṣì wà níbẹ̀.